Ìdí Tí Títì Ọlọ́dà Fi Dákẹ́

Nígbà láéláé, kí ẹnikẹ́ni tó rí ohun tí ń jẹ́ mọ́tò, títì ọlọ́dà kan wà ní ìlú Ìdí-Ayin. Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín ti ń la ẹnu láti bi mí pé kí ni wọ́n fi títì ṣe nígbà tí mọ́tò kò tíì sí. Ẹ fara balẹ̀. Ẹsẹ̀ ti wà kí mọ́tò tó wà, ẹsẹ̀ ló sì ni ọ̀nà.

Ní ìsàlẹ̀ ìlú náà, irà kan wà tí ọ̀dà dúdú máa ń sun jáde níbẹ̀ fúnra rẹ̀, bí omi ṣe ń sun nídìí àpáta. Àwọn baba ńlá wọn fọ́ òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n gbé ọ̀dà kaná, wọ́n po méjèèjì pọ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ láti ẹnu odi ìlú títí dé etí odò, wọ́n sì gún un mọ́lẹ̀ títí ó fi le. Ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ń gbà lọ pọnmi, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ sóko, ibẹ̀ náà ni àlejò ń gbà wọlé.

Títì yìí máa ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ṣe é pẹ̀lú ẹnu o. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ, ó dúdú, ó ń dán, kò sì fọhùn. Àmọ́ ojoojúmọ́ ni Oòrùn máa ń jókòó sí i lẹ́yìn, tó ń fa epo ara rẹ̀ mu díẹ̀díẹ̀. Bí epo ṣe ń tán lára rẹ̀ ni dúdú rẹ̀ ń ṣí, tó ń di eléérú. Nígbà tó yá, awọ rẹ̀ sán nítòsí ẹnu odi ìlú, ó sán tín-ín-rín bí irun orí. Ibi tó sán yẹn ló di ẹnu.

Ẹnu kì í sì í wà ní Ìdí-Ayin kó má kí èèyàn. Wọ́n máa ń kí ẹni tó jókòó, wọ́n máa ń kí ẹni tó dìde, wọ́n máa ń kí ẹni tó ń jẹun, wọ́n sì máa ń kí ẹni tí kò tíì rí nǹkan kan jẹ. Ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ títì sí nìyẹn, kò lè ṣe kó má jọ wọ́n. Bí ẹnìkan bá ń lọ sóko láàárọ̀, títì á ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ." Bó bá ń bọ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, títì á ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ó bá wọn láyọ̀ nílé."

Obìnrin kan wà ní ìlú yìí tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rẹ́ ilẹ̀ ilé. Bí ilẹ̀ yàrá kan bá ti ń sán, òun ni wọn yóò ránṣẹ́ sí. Yóò po ẹlẹ́bọ́tọ màlúù mọ́ amọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ láti igun yàrá, yóò máa fi ọwọ́ rẹ́ ẹ bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yìn ni yóò máa fi rìn, kó má baà ti ara rẹ̀ mọ́nú ilé tó ṣì tutù. Bó bá jáde tán, yóò já ewé tútù, yóò fi dábùú ẹnu ọ̀nà. Ààlè nìyẹn. Ẹni tó bá rí i ti mọ̀ pé ilẹ̀ yẹn kò tíì gbẹ, kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìyá Arẹ́lẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwẹ̀ró ni oríkì tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó bí i, ẹ sì mọ̀ pé àgbà ló ń fi oríkì pe ọmọ. Ọmọdé tó bá fi oríkì pe àgbà, ilé ni wọn ò ti kọ́ ọ. Gbogbo ẹni tó ju Àwẹ̀ró lọ ní Ìdí-Ayin ló ti sùn. Baálẹ̀ ìlú alára, ẹ̀yìn Àwẹ̀ró ló dàgbà sí. Ta ló wá kù tó lè pè é ní Àwẹ̀ró? Títì nìkan ni. Wọ́n ti tẹ́ títì tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí i.

Nítorí náà, láràárọ̀ tó bá ń lọ wa amọ̀ létí odò, títì á ní, "Àwẹ̀ró, ṣé o jí ire?"

"Mo jí ire, Bàbá."

"Orúnkún ńkọ́?"

"Ó ṣì ń bá mi jà, Bàbá."

"Má dá a lóhùn. Máa rọra rìn ní tìrẹ."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ kò ju ìyẹn lọ. Àmọ́ bí Àwẹ̀ró bá ti gbọ́ ọ, ọjọ́ rẹ̀ ti dáa. Bí obìnrin bá dàgbà títí, tí gbogbo ayé sọ ọ́ di ìyá, ó ṣì máa ń wù ú kí ẹnìkan pè é bí ẹni pe ọmọ.

Ó wá di ọdún kan, ẹ̀ẹ̀rùn mú. Ọyẹ́ fẹ́ títí ètè gbogbo ìlú fi bẹ́. Oòrùn jókòó sórí títì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó fa epo rẹ̀ mu láìmí. Ẹnu títì tó tín-ín-rín tẹ́lẹ̀ wá fẹ̀, ó gba ìka ọwọ́. Ohùn rẹ̀ náà sì há.

Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró ń ti odò bọ̀, ó ru ìkòkò omi. "Àwẹ̀ró," ni títì pè é, ohùn náà ń ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun. "O káàbọ̀."

Àwẹ̀ró dúró. Àánú rẹ̀ ṣe é. "Bàbá, òùngbẹ ló ń gbẹ yín."

"Ó lè jẹ́ òun," ni títì wí. "Èmi ò mọ bí òùngbẹ ṣe ń ṣe èèyàn."

Kí ni ọmọ Ìdí-Ayin máa ń ṣe fún ẹni tó bá kí i? Omi ni yóò kọ́kọ́ fún un. Bí àlejò bá dé ọ̀dọ̀ wọn, yóò ti mumi tán kí wọ́n tó bi í pé kí ló bá wá. Àwẹ̀ró sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀, ó bu igbá omi kan, ó rọra dà á sẹ́nu títì. Omi náà wọlé, kò ku ẹ̀kán kan.

"Ó tutù," ni títì wí. "O ṣeun, ọmọ mi."

Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ẹ má sì bi mí pé báwo ni ẹni tó ń rẹ́ ilẹ̀ fún gbogbo ìlú kò ṣe ronú kan ohun tó yẹ. Ilẹ̀ ilé tó bá sán, wọn kì í fún un lómi, rírẹ́ ni wọ́n ń rẹ́ ẹ. Àmọ́ ilẹ̀ ilé kì í sọ̀rọ̀. Ohun tó bá ń bá ni sọ̀rọ̀, tó ń bèèrè orúnkún lọ́wọ́ ẹni, èèyàn là ń kà á sí, èèyàn ló sì ń mumi.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé òùngbẹ ń gbẹ títì. Ojú tì wọ́n. Bàbá àgbà tó ń kí wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sí ẹni tó fi omi lọ̀ ọ́ rí. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti odò bọ̀ kò ní kọjá láìda igbá omi kan sí i lẹ́nu. Àwọn kan tilẹ̀ ń da méjì, kí wọ́n lè rí nǹkan wí fún aládùúgbò. Fátúnkẹ́ amọ̀kòkò, ẹni tí kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe rere ju òun lọ, gbé odidi ìkòkò wá, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀.

Títì ń dúpẹ́. Bí omi bá ti gbẹ, ohùn rẹ̀ á tún há ju ti àná lọ, wọn á sì tún bu òmíràn. Erùpẹ̀ tó wà lábẹ́ òkúta rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kò sí ẹni tó rí ìyẹn. Ta ló ń wo abẹ́ ọ̀nà?

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn parí, Òjò ti ìrìn àjò dé. Òjò kò burú. Tẹ́lẹ̀, bó bá rọ̀ sórí títì, ńṣe ló ń yọ̀ kúrò, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ bá àwọn ará rẹ̀ nínú odò. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rí ẹnu títì tó là sílẹ̀, ó sì rí àwọn èèyàn tó ń bomi sí i. Ó ní, "Ṣé ohun tí bàbá yìí ń fẹ́ nìyí, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?" Ló bá wọ ẹnu títì. Ó wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, ó wọ̀ ọ́ lóru. Òjò kò mọ bí wọ́n ṣe ń bu díẹ̀.

Ilẹ̀ abẹ́ títì di ẹrẹ̀. Ẹnu tó gba ìka ti wá gba ẹsẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ń já létí rẹ̀ bí eyín arúgbó. Eéran hù sínú rẹ̀, ó na ọrùn jáde, ó ń mirí síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ra ilẹ̀ síbẹ̀. Títì sán níhìn-ín, ó sán lọ́hùn-ún, ó di ẹlẹ́nu púpọ̀, gbogbo ẹnu náà sì ń sọ̀rọ̀ pọ̀. Ọ̀kan á ní ẹ kú ìrìn, èkejì á ní ẹ káàbọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń kí.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, Fátúnkẹ́ di ìkòkò rù, ó ń lọ ní tirẹ̀. Títì ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ ò ní fẹsẹ̀..." Kó tó sọ ọ́ tán, Fátúnkẹ́ ti fẹsẹ̀ kọ. Ó já sínú kòtò, ìkòkò rẹ̀ sì fọ́ yángá.

Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ni Fátúnkẹ́ gbà lọ tòun ti orúnkún tó bó. "Baálẹ̀, ẹ wò mí o. Títì tó ń wúre fún mi ló gbé mi ṣubú. Ṣé ìwúre náà ni mo fẹ́ tà lọ́jà?"

Baálẹ̀ pe ìlú jọ sẹ́nu odi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Ó wo títì títí, ó mi kanlẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn mí," ló wí. "Àmọ́ ọ̀nà tí kò lè gbé èèyàn mọ́ ti kúrò ní ọ̀nà. Bí òjò ọdún yìí bá dá, a ó la ọ̀nà mìíràn gba inú igbó. Kí a fi bàbá yìí sílẹ̀ kó sinmi."

Gbogbo wọn mọ ohun tí ìsinmi yẹn jẹ́. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ bá ti kọ̀ sílẹ̀, igbó ni í dì. Àwẹ̀ró jáde síwájú.

"Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ohun tí mo lè ṣe sí i."

"Ìyá Arẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí," ni Baálẹ̀ dáhùn. "N kò lè fi ìyẹn dù yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé ìdajì tí kò sí ìyàtọ̀, àwọn ọkùnrin á gbé àdá wọgbó."

Lọ́jọ́ kejì, Òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwẹ̀ró fi ewé kókò borí, ó lọ dúró létí kòtò tó tóbi jù.

"Òjò, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Bàbá fi ṣẹ̀ yín?"

Ẹnu ya Òjò. "Ṣẹ̀ mí kẹ̀? Ìwọ obìnrin yìí, mo ń bá yín tọ́jú rẹ̀ ni. Ta ló kọ́kọ́ bu omi fún un?"

Àwẹ̀ró tẹrí ba lábẹ́ ewé kókò rẹ̀.

"Mo rí gbogbo yín láti òkè. Igbá kọ̀ọ̀kan lẹ̀ ń bù sí i. Mo ní ẹ ti láhun jù. Èmi ò láhun."

"Omi yẹn ló ń pa á lọ," ni Àwẹ̀ró wí. "Tèmi ló kọ́kọ́ wọlé, tiyín sì tẹ̀lé e."

Òjò dá fún ìgbà díẹ̀. "Mi ò mọ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n gbọ́, n kò ní tàn ọ́. Bí mo bá ti bọ́ sílẹ̀, mi ò lè yan ibi tí màá gbà. Ibi tó bá ṣí sílẹ̀ ni mò ń wọ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí n wọ̀ ọ́ mọ́, ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé. Bí mo bá bá a ní pípadé, ẹ̀gbẹ́ ni màá gbà kọjá. Mo ṣèlérí fún ọ."

"Bí a bá pa ẹnu rẹ̀ dé, ṣé á ṣì lè máa sọ̀rọ̀?"

"Ìwọ náà, bí wọ́n bá pa ẹnu rẹ dé, ṣé wàá lè sọ̀rọ̀?"

Òjò tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, nítorí kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Àwẹ̀ró darí sílé, ó jókòó sórí àpótí, ó sunkún. Ó ti mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ẹlẹ́bọ́tọ kò lè gba ẹsẹ̀ gbogbo ìlú. Ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe títì, ọ̀dà náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi bò ó. Bí òun bá sì bò ó, ẹnikẹ́ni kò ní pe òun ní Àwẹ̀ró mọ́ títí òun ó fi kú. Gbogbo àkókò òjò ló gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Láràárọ̀, títì á pè é, á dáhùn, á sì yára kọjá lọ.

Nígbà tí Òjò ń di ẹrù rẹ̀ láti máa lọ, Àwẹ̀ró tẹ́ èèpo igi sílẹ̀, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu àkọ́kọ́ tó wà nítòsí odi. "Bàbá, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Mo ti mọ̀," ni títì wí. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ ti ń wúwo lórí mi. Sọ ọ́."

Ó sọ ọ́ fún un, kò fi ìkankan pamọ́. Ó sọ ti igbá omi àkọ́kọ́, ó sọ ti Òjò, ó sọ ti ọ̀dà.

"Bí mo bá kọ̀ ńkọ́?" ni títì bi í.

"Ẹ ó máa sọ̀rọ̀ lọ títí igbó á fi bò yín."

"Ta ni màá wá máa kí nínú igbó? Ọ̀kẹ́rẹ́?"

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, ti àwọn yòókù kò dùn mí," ni títì wí. "Wọn á máa kí ara wọn, ẹnu wọn kì í gbófo. Ìwọ ni mò ń rò. Ta ni yóò máa pè ọ́?"

"Kò sí, Bàbá."

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí gan-an."

"Ó dùn èmi náà," ni títì wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni mí. Ẹ̀yìn ni wọ́n fún mi kí n tó ní ẹnu. Bí mi ò bá lè gbé yín mọ́, kí ni mò ń kí yín fún? Lọ gbé ọ̀dà kaná."

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ilẹ̀ gbẹ, gbogbo ìlú sì jáde sórí títì. Àwẹ̀ró ló ń darí wọn. Wọ́n fi ọkọ́ hú eéran tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Wọ́n kó ẹrẹ̀ inú kòtò dànù, wọ́n kó òkúta tuntun àti ọ̀dà sí i, wọ́n sì gún un mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, Àwẹ̀ró ní kí wọ́n gbá gbogbo títì láti òpin dé òpin, kí erùpẹ̀ má ṣẹ́kù.

Ó sú Fátúnkẹ́. "Ìyá, ọ̀dà ti hó. Ṣebí a ó dà á lé erùpẹ̀ náà lórí ni, ta ló máa rí i?"

"Fátúnkẹ́, ṣé ìwọ a máa fi òrí pa ọmọ tí kò tíì wẹ̀?" ni Àwẹ̀ró bi í. "Bí ọ̀dà bá dé orí erùpẹ̀, erùpẹ̀ ló máa dì mọ́, kò ní di títì mú. Gbálẹ̀ ní tìrẹ."

Fátúnkẹ́ gbálẹ̀. Kí ó má baà jẹ́ pé ẹlòmíràn gbá tirẹ̀ mọ́ jù ú lọ, ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti etí odò, wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn tẹ́ ọ̀dà gbígbóná, wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ nílé. "Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́," ni Àwẹ̀ró ń wí. "Kì í ṣe ọbẹ̀ là ń bù." Bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ, ẹnu títì ń pa dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá tẹ́tí á gbọ́ bí ohùn náà ṣe ń dín kù, títí tó fi ku ẹnu àkọ́kọ́ nìkan, nítòsí odi.

Gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹnìkan sọ fún wọn. Àwẹ̀ró gba ìgbálẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ń ro ó, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀.

"Bàbá."

"Àwẹ̀ró," ni títì wí jẹ́jẹ́, "má jẹ́ kí ọ̀dà yẹn tutù mọ́ ọ lọ́wọ́."

Ó fi òkúta wẹ́wẹ́ dí ojú ẹnu náà, ó tẹ́ ọ̀dà lé e, ó sì tẹ́ ẹ dán. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohùn mọ́.

Wọ́n já ewé tútù, wọ́n fi pa ààlè sí òpin méjèèjì. Àwọn èèyàn rí ààlè, wọ́n gba inú koríko lọ sódò. Àmọ́ ewúrẹ́ Fátúnkẹ́ kò mọ ohun tí ń jẹ́ ààlè. Ó rí ewé tútù lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì gun títì láti wá òmíràn. Bí ti àtẹ̀yìnwá ni, títì ì bá ti kìlọ̀ fún un. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ewúrẹ́ lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, ó ń ké.

Àwẹ̀ró fi epo pupa fọ̀ ọ́ kúrò níbẹ̀. "Ìwọ, o ò rí ààlè ni?"

"Mo rí i," ni ewúrẹ́ wí. "Mo rò pé wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ dè mí ni."

Àwẹ̀ró tún ojú ibẹ̀ rẹ́. Ó já ewé mìíràn, ó sì yí òkúta ńlá lé e lórí. Oòrùn jókòó sórí títì títí ó fi gbẹ, nígbà tó sì gbẹ tán, Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣí ààlè kúrò.

Òjò ọdún náà dé, ó bọ́ sórí títì, ó wá ẹnu tì. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbodò lọ. Kò sí kòtò, kò sí ẹrẹ̀, ìkòkò Fátúnkẹ́ sì dé ọjà láìfọ́. Inú gbogbo ìlú dùn. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń retí kí títì kí wọn, kó tó mọ́ wọn lára. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún ara wọn pé, "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ."

Àwẹ̀ró ń lọ wa amọ̀, ó ń bọ̀. Ìyá Arẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè é láàárọ̀, Ìyá Arẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè é lálẹ́. Kò kábàámọ̀ ohun tó ṣe. Ó kàn ń dùn ún ni, ó sì jẹ́ kó máa dun òun, kò wá ẹni tó máa rẹ òun lẹ́kún.

Oòrùn kò sì yé fa epo mu. Ọdún gorí ọdún, dúdú títì tún ń ṣí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, Àwẹ̀ró, tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ lójú ọ̀nà. Nítòsí odi, ó gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Àwẹ̀ró."

Ó dúró gbọn-in. Ó wolẹ̀, ó rí ibi tó sán, kò ju irun orí lọ. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Bó bá dákẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ó lè máa wá síbẹ̀ láràárọ̀, kó máa gbọ́ orúkọ rẹ̀, títí òjò á fi dé. Ó wù ú. Ó wù ú púpọ̀.

"Mo gbọ́, Bàbá," ló wí.

Ó dúró díẹ̀ sí i, bóyá títì á tún pè é. Lẹ́yìn náà, ó yí padà, ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ lọ sílé Baálẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ bu ọ̀dà wá nínú irà.

Láti ọjọ́ náà ni títì ọlọ́dà ti ń dákẹ́ sí àwa tí à ń tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà náà sì ni ọmọ èèyàn ti ń padà lọ fi ọ̀dà pa á lára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bó ti wù kí ti àkọ́kọ́ dán tó, tí wọ́n sì ń fi ewé àti òkúta dí i lójú títí yóò fi gbẹ. Bí ẹ bá ń rìn lórí títì kan tó ti di eléérú, tí ẹ gbọ́ tí òkúta wẹ́wẹ́ ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ bàtà yín, ẹnu rẹ̀ ló tún ń là. Ó fẹ́ kí yín ni. Ẹ dá a lóhùn, nítorí àgbà ni. Kí ẹ sì yára wá ọ̀dà, kí Òjò tó gbọ́.